Ṣé O Mọ̀? Agolo Mílíìkì Lè Di Ẹ́ńjìnnì

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Èmùrè dé àwọn abúlé tó yí wọn ká ní gúúsù Èkìtì, kò sí ọjọ́ tí iná kì í jó. Àwọn obìnrin ń yan gàrí, wọ́n ń se epo pupa, alágbẹ̀dẹ ń rọ ọkọ́ àti àdá, oòrùn ọ̀sán sì ń yan àpáta. Púpọ̀ nínú ooru yìí ló ń bá èéfín lọ lásán. Ẹ̀rọ kan wà tó ti lé ní igba ọdún láyé, tó ń sọ irú ooru bẹ́ẹ̀ di iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Káàkiri ayé, àwọn ènìyàn ń fi agolo, wáyà àti rọ́bà kàn án nílé fún ìgbafẹ́ ara wọn. Bí o bá gbọ́ àwọn ìyanu inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ má gbélẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán lè yí kẹ̀kẹ́?

Bí a bá sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú nǹkan tí a sì mú un gbóná, yóò fẹ́ fẹ̀. Bí ó bá tutù, yóò súnkì. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 27 °C, bí ó bá gbóná dé 327 °C, ìlọ́po méjì àyè tó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa wá. Bí kò bá rí àyè náà, yóò fi agbára ti ohunkóhun tó bá dí i lọ́nà. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń mú afẹ́fẹ́ kan náà gbóná, ó ń mú un tutù, ó tún ń mú un gbóná, lemọ́lemọ́, fífẹ̀ àti sísúnkì yẹn ló sì fi ń yí kẹ̀kẹ́.

Iná kì í wọ inú rẹ̀. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní kàbúrétọ̀, epo kankan kì í bú gbàù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo bíi jẹnẹrétọ̀. Ìta ni iná wà. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti lè mú irin gbóná lè wà á: èédú, ìhá, èèpo ẹkùrọ́, ìyẹ̀fun igi tí àwọn onísọ́míìlì ń dà nù, àbẹ́là, tàbí oòrùn tí a fi dígí kó jọ sójú kan.

Ṣé o mọ̀ pé àlùfáà ìjọ ló ṣe é?

Robert Stirling ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Sikọ́tíláńdì, wọ́n bí i ní 1790. Ní 1816, ọdún kan náà tí wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní ìlú Kilmarnock, ló gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ náà. Ní 1818, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń fa omi kúrò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní agbègbè Ayrshire. Ẹ̀rọ tó ń lo nya, ìyẹn oru omi tó ń hó, ló gbòde nígbà náà, ìkòkò omi wọn a sì máa bẹ́, a máa pa òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ Stirling kò ní ìkòkò omi kankan tó lè bẹ́.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé kò torí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀. Ní 1824, ó lọ sí ìjọ ìlú Galston, níbẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní 1878, lẹ́ni ọdún 87. Àbúrò rẹ̀ James, tó jẹ́ ẹnjinníà, ló ń bá a tún ẹ̀rọ náà ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà?

Àwọn kan ti ń gbìyànjú láti fi afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣiṣẹ́ ṣáájú Stirling. Ohun tó fi ta wọ́n yọ ni ọgbọ́n tó dá sáàárín apá gbígbóná àti apá tútù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ibi tó gbóná lọ síbi tó tutù, àárín irin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń gbà kọjá, yóò sì fi púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ń padà bọ̀, yóò gba ooru náà padà. Ooru tí ìbá ṣòfò ni a tún ń lò, epo tí a fi ń dáná sì dín kù. Ọdún 1816 ni Stirling ti ronú kan èyí, ó sì di 1824 kí Sadi Carnot ti ilẹ̀ Faransé tó gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí bí ooru ṣe ń di agbára.

Nínú ẹ̀rọ tí a kàn nílé, kànrìnkànrìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ṣé o mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà?

Wo ẹwìrì dáadáa nígbà mìíràn tí o bá dé àgbẹ̀dẹ tó ṣì ń lò ó. Igi gbígbẹ́ tó ní ihò méjì ni, awọ tí a dì mọ́ ẹnu rẹ̀, àti ọ̀pá méjì tí ọmọ iṣẹ́ ń gbé sókè tó ń tẹ̀ sílẹ̀. Kì í tẹ méjèèjì pọ̀: bí ọ̀tún bá ń lọ sókè, òsì a máa sọ̀kalẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa dáwọ́ dúró lẹ́nu iná. Awọ ń lọ, awọ ń bọ̀, iná ń ràn.

Ẹ́ńjìnnì agolo ni ẹwìrì tí a dorí rẹ̀ kodò. Ní àgbẹ̀dẹ, ọwọ́ ń mi awọ, awọ ń lé afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń lọ bá iná. Nínú ẹ́ńjìnnì, iná ló ń lé afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń mi rọ́bà, rọ́bà ló sì ń yí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó mọ ìdí tí awọ ẹwìrì kò fi gbọdọ̀ jò, tó sì mọ ìdí tí ọ̀pá méjèèjì kò fi gbọdọ̀ lọ sókè pọ̀, ti mọ ohun méjì tí àwọn tó ń kàn án kọ́kọ́ máa ń kọ́.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án?

Wá agolo mílíìkì ńlá kan tí ìdérí rẹ̀ ṣeé dí pa. Èyí ni ara ẹ́ńjìnnì. Inú rẹ̀ ni wàá gbé agolo kejì sí, èyí tó kéré tó sì fúyẹ́, tí àlàfo bíi mílímítà 2 tàbí 3 yóò wà láàrin òun àti ara agolo ńlá yí po. Kó kúrú, kó lè ráyè lọ sókè sódò. Agolo inú yìí kì í ti nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló ń lé kiri. Bó bá sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sá lọ sókè, níbi tó tutù. Bó bá gòkè, afẹ́fẹ́ yóò sá lọ sísàlẹ̀, níbi tí iná wà. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ la fi ń gbé e, ihò tóóró kan lórí ìdérí ló sì ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: bí ihò náà bá fún jù, sípóòkù kò ní lọ geere, bó bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ yóò máa jò.

Ní ẹ̀gbẹ́ ihò yìí lórí ìdérí, lu ihò mìíràn, lẹ páìpù kékeré mọ́ ọn, kí o na rọ́bà bàlúùnù bo ẹnu páìpù náà. Bí afẹ́fẹ́ inú bá gbóná, rọ́bà yóò wú. Bó bá tutù, yóò jìn wọlé. Rọ́bà yìí ló ń ṣiṣẹ́ tí písítìnnì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Lókè pátápátá ni wáyà líle tí a tẹ̀ bíi kiráńkì wà. Ìtẹ̀ méjì ló ní: ọ̀kan fún sípóòkù agolo inú, ìkejì fún rọ́bà. Kí ìtẹ̀ agolo inú fi ìdámẹ́rin yíyí kan ṣáájú ti rọ́bà. Àṣírí ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa gbóná kí rọ́bà tó ráyè gbé kiráńkì sókè. Sí ìparí wáyà náà ni wàá lẹ sídíì àlòkù méjì tàbí mẹ́ta. Ìwúwo wọn ni yóò máa gbé kiráńkì kọjá ibi tí rọ́bà kò ti ní agbára. Fi aṣọ tútù tàbí ike tó ní omi yí òkè agolo náà ká, kí òkè lè tutù bí ìsàlẹ̀ ṣe ń gbóná.

Kí o tó dáná, kọ́kọ́ dán nǹkan méjì wò. Àkọ́kọ́, wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò: fi fóòmù ọṣẹ ra gbogbo oríkèé rẹ̀, bí àwọn fọ́kànáísà ṣe ń wá ojú ibi tí tíúbù ti lu, ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Ìkejì, fi ìka ta sídíì láìsí iná. Bí kò bá yí dáadáa fúnra rẹ̀ kó tó dúró, irin kan ń họ irin kan níbì kan. Jíjò àti híhọ ni ọ̀tá ẹ̀rọ yìí. Nǹkan díẹ̀ ni agbára rẹ̀, kò ní èyí tí yóò fi tọrẹ.

Lẹ́yìn náà, tan àbẹ́là tàbí àtùpà sípíríìtì sábẹ́ rẹ̀, dúró fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí o fi ìka ta sídíì náà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í dá ara wọn bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ta á síwájú tó kọ̀, ta á sẹ́yìn. Bó bá gbà, yóò máa yí ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ìró jẹ́jẹ́ rọ́bà tó ń wú tó ń jìn.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta wà tí o kò gbọdọ̀ fò dá. Má ṣe jẹ́ kí omi wọ inú agolo tí o dí pa kí o tó gbé e kaná, nítorí nya lè mú un bẹ́. Má ṣe fi èédú dáná nínú yàrá tí a tì, nítorí gáàsì rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pani. Ẹnu agolo tí a gé sì mú bí abẹ. Fi fáìlì fá a kó tó fá ọ lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ooru àtẹ́lẹwọ́ rẹ nìkan tó láti wà á?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ènìyàn rò pé àfi kí iná máa jó wòwò. Ní 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ivo Kolin ti Yunifásítì Zagreb ní Kroatíà fi ẹ́ńjìnnì kan hàn tó ń yí lórí omi gbígbóná lásán. James Senft, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Wisconsin-River Falls ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ẹnì kankan kò lérò: ní 1990, ẹ̀rọ rẹ̀ yí nígbà tí ìyàtọ̀ ooru láàrin òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì díígírì péré. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè gbé irú rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ kó sì máa wò ó bó ṣe ń yí.

Wá ronú kan Olósùnta, àpáta ńlá tó dúró ti Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àpáta lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná ju afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ lọ fíìfíì. Irú ìyàtọ̀ ooru tí ẹ́ńjìnnì Kolin àti Senft ń wá ló tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, lójoojúmọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àtùpà karosíìnì ti yí fáànù rí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, kí iná mànàmáná tó dé ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń ta fáànù tí ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná ń yí ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ sì dé Íńdíà. Àtùpà kékeré ló ń jó nísàlẹ̀, fáànù ló ń fẹ́ lókè.

Rédíò náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, iléeṣẹ́ Philips ti ìlú Eindhoven ní Nẹ́dálándì ń wá bí wọn yóò ṣe ta rédíò fún àwọn tó ń gbé níbi tí kò sí iná. Wọ́n padà sí iṣẹ́ àlùfáà Stirling, wọ́n tún un ṣe títí wọ́n fi ní ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fúnni ní nǹkan bí wáàtì 200. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe múra tán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, rédíò tó ń lo bátìrì díẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà. Nǹkan bí 150 péré ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi wọ́n kọ́ ìmọ̀ ooru.

Ṣé o mọ̀ pé ó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi?

Orílẹ̀-èdè Swídìn fi ẹ́ńjìnnì Stirling sínú àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wọn tí wọ́n ń pè ní Gotland. Nítorí pé kò sí ìbúgbàù nínú ẹ̀rọ náà, ìró rẹ̀ kéré gan-an, ọkọ̀ náà sì lè wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgòkè wá mí. Ní 2005, Amẹ́ríkà yá ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú àwọn awakọ̀ rẹ̀, kí ọmọ ogun ojú omi wọn lè fi kọ́ bí a ṣe ń wá ohun tí kì í dún.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ kan náà lè di fíríìjì?

Bí a bá fún un ní ooru, yóò fún wa ní yíyí. Bí a bá fi mọ́tò yí i láìsí iná, apá kan rẹ̀ yóò máa tutù. Àwọn ará Philips yìí kan náà lò ó láti sọ afẹ́fẹ́ di ohun tó ń ṣàn bí omi, èyí tó ń fẹ́ òtútù tó sún mọ́ 200 °C sísàlẹ̀ òdo. Nígbà àjàkálẹ̀ Kòfíìdì, àwọn fíríìsà tó ń lo ọgbọ́n Stirling wà lára àwọn tí wọ́n fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń fẹ́ òtútù líle.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń múra láti gbé e lọ sí ojú ọ̀run?

Ní àwọn ọdún 1960, William Beale, olùkọ́ ní Yunifásítì Ohio, yọ kiráńkì kúrò pátápátá. Ó jẹ́ kí písítìnnì máa léfòó lórí gáàsì, kó máa lọ kó máa bọ̀ bí gáàsì ṣe ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ni híhọ ṣe dópin. Ní ilé ìwádìí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní Cleveland, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ju ọdún 14 lọ láìsí àtúnṣe. Ní 2018, ní aṣálẹ̀ Nevada, NASA so àwọn ẹ̀rọ Stirling mọ́ iná yuréníọ̀mù kékeré kan láti wò ó bóyá yóò lè pèsè iná fún àwọn tí yóò gbé lórí òṣùpá tàbí Máàsì. Ó ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ ìdí tí kò fi sí nínú mọ́tò rẹ?

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo ooru ló ní ààlà. Bí iná bá mú afẹ́fẹ́ dé 327 °C, tí òkè rẹ̀ sì wà ní 27 °C, kò sí ọgbọ́n tó lè mú ju ìdajì ooru náà di iṣẹ́, èyí tí a ń rí gbà ní tòótọ́ sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àtẹ́lẹwọ́, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ààlà náà. Ẹ̀rọ náà tún máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì máa ń wúwo ju ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ní agbára kan náà. Àwọn Stirling fúnra wọn jìyà èyí: ní 1843, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ńlá kan sí iléeṣẹ́ ìyọ́rin ní Dundee, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n irin ìgbà náà kò lè fara da iná. Ìdí agbada rẹ̀ ń jóná lemọ́lemọ́, ní 1847 wọ́n padà sí nya.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tan iná gbogbo ilé, kó wá sólà. Ẹ́ńjìnnì agolo kò lè ju kó tan iná LED kékeré kan lọ. Ibi tí ẹ́ńjìnnì afẹ́fẹ́ gbígbóná ti wúlò jù ni ibi tí iná ti ń jó tẹ́lẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn, tí ooru rẹ̀ sì ń ṣòfò.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ tó lè ṣe é kò jìnnà?

Iṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ àmójútó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gúúsù Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, pẹ̀lú àwọn ère tó yọ síta lára igi débi pé wọ́n fẹ́ẹ̀ dá dúró. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gbowó. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní pàṣípààrọ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà lọ́hùn-ún títí dòní. Ìlú tí ọwọ́ ti lè gbẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìní ọwọ́ tí yóò lu ihò sípóòkù tí kò jò.

Ìkẹ́rẹ́ sì ti ní yunifásítì báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ di yunifásítì ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 2020, tí wọ́n sì fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà, ọmọ ìlú náà tó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, pè é. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá jáde níbẹ̀ lè fi agolo kan ṣoṣo kọ́ kíláàsì ní ohun mẹ́ta tí ìwé ń kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí ooru ṣe ń mú gáàsì fẹ̀, bí kiráńkì ṣe ń yí, àti ìdí tí ooru kì í fi í di iṣẹ́ tán.

Ṣé o mọ ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀?

Wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ̀gẹ́ ti kúrò lábẹ́ jáàkì, wọ́n ti kù ú, agbada ti wà lórí ààrò. Obìnrin tó jókòó tì í ń fi igbá dà á sọ́tùn-ún sósì, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú, kò sì lè dìde nítorí gàrí yóò jóná. Ara ààrò náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn án. Ooru tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ rèé.

Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, wọ́n ń ta fáànù kékeré tí a ń gbé lé orí sítóòfù, tí ooru sítóòfù náà ń yí pẹ̀lú ọgbọ́n Stirling, láìsí bátìrì, láìsí wáyà iná. Bí a bá ṣe irú rẹ̀ ní Ìsẹ̀ tàbí Èmùrè, kí ó tóbi díẹ̀, kí wẹ́dà àdúgbò kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí fáànù rẹ̀ máa lé èéfín gba ibòmíràn, iná tó ń yan gàrí ni yóò máa tọ́jú ojú ẹni tó ń yan án. Kò ní fẹ́ epo, kò sì ní fẹ́ owó iná. Agolo mílíìkì ni àkọ́kọ́ tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò kàn, láti mọ ibi tó ti ń jò àti ibi tó ti ń họ. Ìkejì ni kó kàn fún ìyá rẹ̀.